Fóònù Lápò, Tíkẹ́ẹ̀tì Nínú Fóònù: Ìbéèrè Yín Lórí Dátà Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Lọ Wo Eré Lókè Òkun

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ débi pé mo ní láti fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ di ìgbà míì. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 ló fà á. Àwọn kan ti rí tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ṣì ń dù ú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dátà ni gbogbo wọn fi ń parí lẹ́tà wọn. Èmi náà ti bá bọ́ọ̀lù dé Rọ́ṣíà ní 2018, mo bá a dé Qatar ní 2022, mo bá a dé Jámánì fún Euro, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2024, kò sì sí èyí tí fóònù kò ti kó mi sí wàhálà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gé àwọn lẹ́tà kan kúrú kí àyè lè gbà wá. Ẹni tó bá rí i pé mo gé tòun, kó má bínú.

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Toronto, kí á wa mọ́tò lọ sí Boston, kí á sì parí rẹ̀ sí Mexico City. Ṣé síìmù mẹ́ta ni kí á rà ni? Ọkọ mi ní kí á kàn tan roaming lórí síìmù tí à ń lò, pé àròjù mi ti pọ̀ jù. Ìyá Ìbejì."*

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì tan ohunkóhun. Ìdíje yìí fẹjú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: orílẹ̀-èdè 48 ni yóò gbá a, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104, láti 11 oṣù Kẹfà sí 19 oṣù Keje, ní ìlú 16. Mọ́kànlá nínú àwọn ìlú náà wà ní Amẹ́ríkà, mẹ́ta ní Mẹ́síkò, méjì ní Kánádà. Ẹni tó bá ra síìmù Kánádà nìkan, ọjọ́ tó bá kọjá ààlà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn.

Kò di dandan kí ẹ ra mẹ́ta. Àwọn tó ń ta dátà fún arìnrìn-àjò ní èyí tí wọ́n ń pè ní ti gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Orúkọ yẹn ni kí ẹ má gbà gbọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè sí, kí ẹ fi ojú ara yín rí Mẹ́síkò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye gígábáìtì tó wà níbẹ̀. Dátà tí wọ́n pè ní aláìlópin sábà máa ń lópin: tí ẹ bá ti lo ìwọ̀n kan lóòjọ́, wọn yóò fà á sẹ́yìn títí àwòrán kan ṣoṣo yóò fi máa yí gbirigbiri lójú yín láìjáde. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ní ti roaming tí Bàbá Ìbejì ń sọ, òun fúnra rẹ̀ kò burú. Tí fóònù yín bá so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú onílùú, ilé-iṣẹ́ tibẹ̀ yóò ka ohun tí ẹ lò sí ilé-iṣẹ́ tiyín lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ tiyín yóò san án, wọn yóò fi èrè tiwọn lé e, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n bá ní ètò arìnrìn-àjò tí owó rẹ̀ ti dúró sójú kan, tó sì kó orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ rà á kí ẹ tó gbéra, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ kí èèyàn kàn tan roaming láìra ètò kankan, kó wá máa sanwó lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan, mo ti ń bá onítọ̀hún kẹ́dùn láti ìsinsìnyí.

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un nítorí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ya Niagara wò lójú ọ̀nà, ibi tí omi ńlá ti ń dà wálẹ̀ létí ààlà Kánádà àti Amẹ́ríkà. Létí odò yẹn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ ààlà. Ẹ lè dúró sí ìhà Kánádà kí fóònù yín ti so mọ́ ti Amẹ́ríkà lódìkejì. Ẹni tó ní dátà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ní, owó roaming ti ń gorí ara wọn níbi tó ti ń ya fọ́tò omi. Èkejì ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ti pa 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ wọn, ní 2022. Tí ọ̀kan nínú yín bá ṣì ń lo fóònù àtijọ́, ẹ wò ó bóyá ó ní VoLTE, ohun tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G, nínú Settings rẹ̀. Tí kò bá ní in, dátà lè máa wọlé dáadáa lórí 4G kí ìpè lásán má lọ.

*"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Wọ́n ní kí n ra eSIM, ṣùgbọ́n fóònù mi, mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ ni, n kò mọ̀ bóyá ó gbà á. Tí mo bá sì fi eSIM sí i, ṣé nọ́ńbà mi kò ní lọ?"*

Àbúrò mi, eSIM ni síìmù tí kò ní ike, tí wọ́n ń gbé sórí fóònù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Nọ́ńbà IMEI yóò jáde, èyí tó ní díjíìtì 15. Wò ó bóyá EID wà pẹ̀lú rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 32. Tí o bá rí EID, fóònù rẹ gba eSIM. Tí o kò bá rí i, síìmù oníke ni tìẹ, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Wàá rà á ní pápákọ̀ òfurufú tí o bá dé, wàá fi ìwé ìrìnnà rẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí òfin wọn bá ti bèèrè rẹ̀, wàá sì máa lọ.

Torí pé àlòkù lo rà, má kàn wo orúkọ fóònù kí o sọ pé o ti mọ̀. iPhone XS tó jáde ní 2018 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba eSIM nínú ti Apple, síbẹ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, ojú síìmù oníke nìkan ló ní, kò ní eSIM rárá. iPhone 14 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2022 ńkọ́? Òun kò tilẹ̀ ní ojú síìmù oníke lára. Ẹni tó bá gbé e lọ síbi tí síìmù oníke nìkan ti wà, yóò kàn máa wò ó ni. Ohun mìíràn tí àlòkù máa ń bá rìn ni títì: ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á lè ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn. Lórí iPhone, lọ sí Settings, kí o wọ General, kí o wọ About. Tí iwájú Carrier Lock bá sọ pé "No SIM restrictions", ara rẹ yá. Lórí Android, yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí o kì í bọ̀ ọ́. Tó bá kọ̀ ọ́, wá bí wọ́n ṣe máa ṣí i kí ọjọ́ ìrìnnà tó pé.

Nọ́ńbà rẹ kò lọ síbì kankan. eSIM arìnrìn-àjò sábà máa ń jẹ́ dátà nìkan, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Síìmù rẹ àtijọ́ yóò wà nínú fóònù, òun ni báńkì yóò máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. eSIM ni dátà yóò máa gbà wọlé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o: fi eSIM náà sórí fóònù kí o tó kúrò nílé, lórí Wi-Fi tó dúró dáadáa, torí kóòdù tí wọ́n máa fún ọ láti yà kì í sábà ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí o bá ti fi sí i, má pa á rẹ́ pé o fẹ́ tún un ṣe, bó ti wù kó rí. Bèèrè ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú. Àwọn kan ń kà láti ọjọ́ tí o bá fi sórí fóònù, àwọn mìíràn di ìgbà tó bá kọ́kọ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú tí ò ń lọ. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ sórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó ti jẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣe mí ní Frankfurt ní 2024. Mo ti gbọ́ títí pé kí n pa roaming, kí n pa roaming. Mo pa á lórí síìmù mi, mo pa á lórí eSIM náà. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, dátà kò wọlé. Mo pa fóònù, mo tan án. Mo jókòó sórí àpótí mi ní pápákọ̀ òfurufú ọ̀hún fún wákàtí kan gbáko, mo ń bú àwọn tó ta eSIM náà fún mi nínú ọkàn mi. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gba fóònù náà, ó tan roaming lórí eSIM, dátà sì ya wọlé. Ọ̀pọ̀ eSIM arìnrìn-àjò, ilé-iṣẹ́ tó ni ín kì í ṣe ti ìlú tí o wà. Lójú fóònù, àlejò ni eSIM náà níbẹ̀, kò sì ní gba dátà àfi tí roaming bá tàn lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ o ti san ṣáájú, kò sí gbèsè níbẹ̀. Nítorí náà, roaming yóò wà ní títàn lórí eSIM, yóò wà ní pípa lórí síìmù àtijọ́. Tí o bá ń lo iPhone, wá ibi tí wọ́n kọ Allow Cellular Data Switching sí, kí o pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí eSIM bá rẹ̀wẹ̀sì, fóònù lè yọ́ gba ọ̀dọ̀ síìmù kejì lọ.

*"Mo lọ wo Òlíḿpíìkì ní Paris ní 2024. N kò wo fídíò kan lórí fóònù, àwòrán nìkan ni mo ń yà. Ètò roaming tí wọ́n ní yóò tó mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Kí ló jẹ ẹ́? Bàbá tó fẹ́ràn eré sísá."*

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwòrán tí ẹ ń yà yẹn náà ni.

Ó ṣe mí rí ní Saint Petersburg. Mo padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, mo so fóònù mọ́ Wi-Fi wọn, mo sùn. Wi-Fi ọ̀hún lọ lóru. Fóònù mi, tí mo ti sọ fún tipẹ́tipẹ́ pé kó máa kó gbogbo àwòrán mi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, rò pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, ó bá kúrò lórí Wi-Fi, ó bọ́ sórí dátà. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, dátà ọjọ́ mẹ́wàá ti tán. N kò tíì rí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ẹ bá ń lo iPhone, ìṣẹ́jú kan fídíò tí wọ́n ń pè ní 1080p, tí wọ́n ká ní fírémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 60. Tí ẹ bá gbé e sí 4K, tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní fírémù 60, ìṣẹ́jú kan náà di nǹkan bíi 400. Ẹ ka eré ìdíje mítà 100, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe orúkọ wọn títí tí ẹni tó borí fi yí pápá ká, ìṣẹ́jú márùn-ún lè ti lọ níbẹ̀. Gígábáìtì méjì nìyẹn tí fóònù yóò gbé lọ síbi ìpamọ́ láìbi yín. Wíwo fídíò gan-an kò yára jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀: wákàtí kan fíìmù tí kò mọ́ jù ń gba nǹkan bíi gígábáìtì kan, èyí tó mọ́ gaara nǹkan bíi mẹ́ta.

Nígbà míì tí ẹ bá ń lọ, ìpamọ́ àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró, ìbáà jẹ́ Google Photos tàbí iCloud. Lẹ́yìn náà ẹ wọ WhatsApp, kí ẹ sọ fún un pé kó má máa gba àwòrán àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ wà, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀, àwọn tó ń fi fídíò àdúrà ránṣẹ́ láàárọ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Ẹ dá mímú áàpù bá ìgbà mu dúró. Ẹ tan Data Saver lórí Android tàbí Low Data Mode lórí iPhone. Tí ẹ bá fẹ́ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ pa dátà, kí Wi-Fi nìkan máa ṣiṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fi owó mi kọ́.

Ẹ tún bi mí nínú lẹ́tà yín bóyá síìmù tí ẹ rà ní Faransé yóò ṣiṣẹ́ tí ẹ bá kọjá sí Jámánì. Yóò ṣiṣẹ́. Láti 15 oṣù Kẹfà 2017 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ pé síìmù tí èèyàn rà nínú ọ̀kan lára wọn, iye tó ń san níbẹ̀ náà ni yóò máa san nínú àwọn yòókù, òfin náà yóò sì wà títí di 2032. Ó lè jẹ́ pé apá kan nínú dátà náà ni wọn yóò jẹ́ kí ẹ lò níta, torí náà ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ibi tó máa ń kó èèyàn sí gbèsè ni Switzerland, tó wà láàárín wọn bí ìdodo ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àjọ náà. Ọkọ̀ ojú irin láti Faransé sí Ítálì lè gba Geneva kọjá, fóònù yóò so mọ́ ti ibẹ̀, owó yóò yí padà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti jáde. Ẹni tó bá ń múra Euro 2028, tí wọn yóò gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Ireland, kó rántí pé Dublin wà nínú àjọ, Cardiff kò sí níbẹ̀.

*"Ẹ̀gbọ́n, mo wo bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ òkèèrè lọ́dún tó kọjá. Dátà mi kún, ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, ṣùgbọ́n mo wọ pápá ìṣeré tán ni ohunkóhun kò lọ mọ́. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"*

Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ìlà tí ẹ ń rí lójú fóònù, bí fóònù ṣe ń gbọ́ ohùn òpó ni ó ń sọ. Kì í sọ iye èèyàn tó ń bá òpó kan náà sọ̀rọ̀. Ní pápá Lusail ní 18 oṣù Kejìlá 2022, níbi àṣekágbá láàárín Argentina àti Faransé, àwa 88,966 ni wọ́n kà. Wọ́n so ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ gbogbo igun irú pápá bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbé e títí di ìgbà tí gbogbo èèyàn bá fẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Montiel ti Argentina gbá pẹ̀nárítì tó parí rẹ̀ wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù ló gòkè lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà tẹ "Messi ti gbà á o!" sí ìyàwó mi. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà tó lọ. Ó fún mi lésì pé òun ti wò ó tán lórí tẹlifíṣọ̀n, òun sì ti ń fọ aṣọ.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi fóònù sí Airplane mode fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó yọ ọ́, kó lè wá òpó mìíràn. Ẹ rìn lọ sí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn àwọn ìjókòó. Ẹ gbìyànjú 4G tí 5G bá kọ̀, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ fi fídíò sílẹ̀ di alẹ́. Tí pápá náà bá ní Wi-Fi tirẹ̀, ẹ ka orúkọ rẹ̀ lára pátákó wọn kí ẹ tó so mọ́ ọn, torí ẹnikẹ́ni ló lè fi fóònù tirẹ̀ ṣe Wi-Fi kó sì sọ ọ́ ní orúkọ pápá. Ẹ má ṣe ṣí áàpù báńkì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ẹ ti wà nínú pápá ni. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rù ń bà mí jù, torí tíkẹ́ẹ̀tì ìsinsìnyí kì í ṣe ìwé mọ́. Ní 21 oṣù Kọkànlá 2022, ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá Iran ní pápá Khalifa, áàpù tíkẹ́ẹ̀tì FIFA dàrú, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà níta nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. FIFA fẹnu ara wọn sọ pé áàpù náà ní ìṣòro. Ní Jámánì ní 2024, áàpù UEFA ni gbogbo wa lò: kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í jáde títí tí ẹ bá fi sún mọ́ pápá, Bluetooth sì gbọdọ̀ wà ní títàn. Ẹni tó bá yàwòrán ojú fóònù rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé kàn ń ya àwòrán lásán ni.

Mo rí ọkùnrin kan ní Berlin lọ́jọ́ àṣekágbá, 14 oṣù Keje. Áàpù ti lé e jáde, ó ní kó tún wọlé pẹ̀lú kóòdù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀hún wà lórí síìmù tó ti yọ kúrò kó lè fi síìmù Jámánì sí i. Ó wé e sínú bébà, ó fi sínú àpótí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó dúró, ó ń wo èmi, mo ń wò ó. Oore-ọ̀fẹ́ ni pé hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò jìnnà. Ó sáré, aago ń lọ. N kò mọ̀ bóyá ó rí góòlù àkọ́kọ́ Spain, torí n kò rí i mọ́.

Nítorí ọkùnrin yìí ni mo ṣe ń pariwo pé kí síìmù àtijọ́ wà nínú fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, lórí Wi-Fi, ẹ ṣí áàpù tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú un bá ìgbà mu, ẹ rí i pé ẹ wà nínú àkáǹtì yín, ẹ fojú rí orúkọ àti ìjókòó yín. Tí wọ́n bá gbà á láyè pé kí ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú Apple Wallet tàbí Google Wallet, ẹ gbé e síbẹ̀, kò nílò dátà lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá mú ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ dání, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì oníkálukú ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀ ní alẹ́ yẹn, ẹ má dúró de ẹnu ọ̀nà. Bátìrì ńkọ́? Fóònù tó kú, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà ti kú. Ẹ gbé power bank kékeré, torí pápá mìíràn kì í jẹ́ kí ńlá wọlé, kí ẹ sì rántí pé inú báàgì ọwọ́ ló gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ òfurufú.

*"Tí mo bá lo síìmù tuntun, ṣé WhatsApp mi máa yí padà?"*

Rárá. Tó bá bi ọ́ bóyá o fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, sọ pé o kò fẹ́. Nọ́ńbà àtijọ́ ni yóò máa lò, dátà èyíkéyìí ló lè gbé e.

*"Eré ọkọ̀ Formula 1 ni tèmi. Shanghai ni mò ń lọ, lẹ́yìn náà Abu Dhabi. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?"*

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà rárá, ó sì dára bí ẹ ṣe bèèrè. Ní Ṣáínà, WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tibẹ̀, ìbáà jẹ́ síìmù tí ẹ rà níbẹ̀ tàbí Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ẹni tó bá lo roaming síìmù tirẹ̀ tàbí eSIM ilẹ̀ mìíràn, dátà rẹ̀ sábà máa ń gba ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù náà kọjá kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń ṣí. Fún ìrìnnà yìí nìkan ni mo ṣe máa sọ pé kí ẹ má ra síìmù onílé. Àwòrán ojú ọ̀nà náà, ẹ gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ní Abu Dhabi, WhatsApp yóò gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán fún yín, ṣùgbọ́n kò ní gbé ìpè. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé kó tó di pé wọ́n rò pé ẹ kò fẹ́ gbé e.

*"Nínú ọkọ̀ òfurufú, mo rí i tí fóònù mi mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí n kò mọ̀ rí. Kí ni?"*

Ọkọ̀ náà ló ni ín. Àwọn kan ní òpó kékeré tiwọn tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá náà ní in. Ètò arìnrìn-àjò tí ẹ rà kì í sábà kà á mọ́ ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì le. Airplane mode láti ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

*"Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, fẹ́ dá lọ wo bọ́ọ̀lù. Aṣọ pupa ni yóò wọ̀ lọ. Mo fẹ́ kó wà lórí fóònù pẹ̀lú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dátà mélòó ni kí n rà fún un? Ìyá rẹ̀."*

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má ra dátà fún ìyẹn, kò sí iye tó máa tó. WhatsApp lè fi ibi tó wà hàn yín fún wákàtí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, dátà kékeré ló ń jẹ. Kó tan án nígbà tó bá ń kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ fẹnu kò sí àsìkò mẹ́ta tó máa fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí eré bá parí tó sì ti jáde, àti nígbà tó bá padà wọlé sùn. Kí ó kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà yín sórí bébà, kó fi sínú àpò ṣòkòtò. Láàárín eré, tí kò bá dáhùn, ẹ má pè é lẹ́ẹ̀kejìdínlógún. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sọ pé aṣọ rẹ̀ pupa, àbí? Ẹ máa wo ìhà tí àwọn aláṣọ pupa bá jókòó sí.